"Ìléfòó" kọ́ o, "ìsún" ni

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a ń wá fún continental drift, ìyẹn bí àwọn ilẹ̀ ńlá bí Áfíríkà ṣe ń kúrò láyè wọn díẹ̀díẹ̀, ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pè é ní "ìléfòó ilẹ̀", ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá, àmọ́ mi ò lè gbà á. Ojú oró ló ń léfòó. Áfíríkà ò sí lórí omi, ìsàlẹ̀ òkun pàápàá àpáta ni, àpáta yẹn náà sì ń rìn. Tí mo bá kọ "ìléfòó" sí bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Kàbà, omi ni wọ́n máa rò. Alfred Wegener, ará Jámánì tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síta lọ́dún 1912, Verschiebung ló pè é lédè tiẹ̀, ìyẹn ni pé kí nǹkan sún kúrò láyè ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "ìsún ilẹ̀".

"Ìyapa ilẹ̀" tí àbúrò wa dá sún mọ́ ọn díẹ̀, torí òótọ́ ni pé àwa àti Bràsíl jọ wà pọ̀ rí. Etí òkun méjèèjì bára mu bí àfọ́kù ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àpáta: nítòsí Àkrá ní Gánà ààlà kan wà, àpáta apá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀ ti tó bílíọ̀nù 2 ọdún, ti ìlà oòrùn ò ju bíi mílíọ̀nù 600 lọ, àwọn onímọ̀ wá ní tó bá jẹ́ lóòótọ́ la jọ wà, ààlà yẹn gbọ́dọ̀ wọ Bràsíl nítòsí São Luís, wọ́n wá a débẹ̀, wọ́n bá a, 1967 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Apá ìlà oòrùn yẹn làwa wà o! Àwọn òkè àpáta tó yí wa ká láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, mọ̀lẹ́bí wọn wà ní Bràsíl. Àfonífojì tí odò Bẹ́núé ń gbà bọ̀ wá pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja náà, ojú ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́ ya wọ inú wa nígbà yẹn ni, tí kò yà tán.

Ṣùgbọ́n Íńdíà ńkọ́? Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áfíríkà, ó lọ forí sọ Éṣíà, ibẹ̀ ni òkè Himalaya ti yọ. Ìyẹn kì í ṣe ìyapa mọ́, ìpàdé ni. "Sún" gba méjèèjì, a ń sún mọ́ra, a ń sún kúrò. Ó sì gba ìrọra: tí wọ́n bá ní "ẹ sún díẹ̀" nínú mọ́tò Lọ́kọ́ja, ẹnikẹ́ni kì í dìde dúró, ìdí lèèyàn fi ń sún. Ilẹ̀ náà ò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù.

Ẹni tó ní wọ́n á ka "ìsún" sí ìsun omi torí a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, òótọ́ lẹ sọ, ìyẹn ò ṣeé fojú fò. Ẹ jẹ́ ká fi "kiri" kún un, kó di "ìsúnkiri ilẹ̀". Ti kọ́ńtínẹ́ǹtì fúnra ẹ̀, "ilẹ̀ ńlá" ni mo ṣì ń lò, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jọ̀ọ́ gbé e wá.