Báwo ni mo ṣe lè wọn kafíìnì inú obì kí n tó sáré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eré kìlómítà 10 ni mò ń múra fún. Mo mọ̀ pé kafíìnì máa ń dí adenosine (èròjà inú ara tó ń jẹ́ kó rẹ èèyàn, kí oorun sì máa kunni) lọ́wọ́ nínú ọpọlọ, kí àárẹ̀ má baà tètè hàn, àti pé mílígíráàmù 3 sí 6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń dá lábàá fún asáré. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń wọn ìyẹn lára obì gbànja? (Kọfí ò bá mi lára mu rárá.) Awẹ́ kan péré, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Ìrọ̀lẹ́ la sì ń sáré. Tó bá di aago 2 òru, ojú mi á ṣì là kedere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ obì sáré, báwo lẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ fi ń rí oorun sùn?