Ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ ọnà, kí ni ojú yín rí?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́
Mo kí gbogbo yín o. Ọdún 12 ni mo ti ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, mo sì ti pé ọmọ ọdún 38. Láti ọdún tí ó kọjá ni ọkàn mi ti ń fà sí iṣẹ́ aró, pàápàá jù lọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí lára aṣọ. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò tí a ti lò tán ni mo ń ya àwọn ọnà náà sí, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún nínú àpótí mi. Ìyá mi ní ẹni tí ń gba owó oṣù kì í lọ ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ sọ ohun tí ẹ bá pàdé fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀.

Agbẹ́gilére Kétu
Àbúrò mi, epo kpáyò, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, ni mo ń tà tẹ́lẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ń gbé bídọ́ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì epo) láti ẹnubodè wá sí Kétu lórí alùpùpù. Nígbà tí iná jó ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo lọ bá àgbà kan tí ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹn ère tí wọ́n ń gbé sórí jó, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó gbà mí ṣe ọmọ iṣẹ́. Ọmọ ọdún 33 ni mí nígbà náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi la igi, tí mo fi pọ́n àáké, tí mo sì fi gbálẹ̀ ìsọ̀, kí ó tó gbà kí n fi irin kan ojú ère. Ó kọ́ mi ní ọ̀nà lílé, níbi tí a ti ń fún igi ní ìrísí rẹ̀ gbàǹgbà. Ó kọ́ mi ní àlétúnlé, níbi tí imú àti ẹnu ti ń yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, fínfín ni ó sì gbẹ̀yìn, èyí tí a fi ọ̀bẹ ṣe sí irun, gèlè àti ilà ojú.

Orí àkọ́kọ́ tí mo dá gbẹ́ wù mí débi pé mo gbé e sí oòrùn kí ó lè tètè gbẹ, kí n lè kùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Ó ti là láti àtàrí dé àgbọ̀n, ó gba àárín imú kọjá. Ọ̀gá mi kò jágbe mọ́ mi. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ojú ibi tí ó là, ó ní omi ṣì wà nínú igi náà, èmi ni mo kánjú. Orí yẹn ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ mi títí di òní.

Ará Ìlárá
Ẹ kú ìrírí. Irú igi wo ni?

Agbẹ́gilére Kétu
Igi ọ̀mọ̀ ni, àbúrò.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ṣùgbọ́n nílé tiwa a kì í gbẹ́ igi tútù. A máa ń gé e, a ó fi í sábẹ́ òrùlé títí tí yóò fi gbẹ, nígbà náà ni a ó tó fi àáké kàn án. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, orí yẹn kì bá tí là.

Agbẹ́gilére Kétu
Igi tí ó bá ti gbẹ tán yóò le mọ́ àáké, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kò sì lè ká a. Igi tútù ni ó rọ̀ láti gbẹ́. Ibòòji ni ó yẹ kí n gbé e sí, kí n fi aṣọ tútù bò ó, kí ó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù di ti ọ̀gá rẹ̀ mú.

Ìyá Aránṣọ, Wàndó
Oṣù mẹ́jọ tí Agbẹ́gilére fi la igi yẹn ni ó mú kí n kọ̀wé, nítorí ó rán mi létí tèmi. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìtura kan kí n tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo ti pé ọdún 35 nígbà tí mo wọlé, àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ sì jẹ́ ọmọ ọdún 16 àti 17, Màmá ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá mi kéré sí mi ní ọdún márùn-ún. Èmi ni ó ń rán lọ pọn omi, èmi ni ó ń rán lọ ra àkàrà, ọmọ rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń lọ aṣọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà ní ilé ìtura yẹn ni mo bá. Kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó wo aṣọ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì na igba sẹ́fà sí mi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún ọmọ iṣẹ́. Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì dúpẹ́. Mo rin gbogbo ọ̀nà padà láìwọ ọkọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fúnra mi gé ọrùn aṣọ yẹn, ó sì wọ̀ ọ́ dáadáa.

Ọlá
Ìyà ni èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí ni pípọn omi fi kọ́ ènìyàn nípa aṣọ gígé?

Ará Ìlárá
Omijé bọ́ lójú mi, Ìyá wa.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà
Ọlá, ẹni tí kò lè gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu nípa omi kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu nípa ọ̀bẹ.

Ọlá
Àgbàlagbà tí ó san owó iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ pé ni à ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Èmi kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nídìí òwò. Mo bá ọ̀gá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé n kò ní pọn omi, ó fi kún owó tí mo san, a sì jọ gbà. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ má dúró di ìgbà tí inú bá bí yín.

Ìyá Aránṣọ, Wàndó
Òótọ́ ni Ọlá sọ, bí ó bá jẹ́ òní ni, n ó bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè pe gbogbo rẹ̀ ní ìyà. Ibi tí mo dúró sí tí mo ń lọ aṣọ, tí ọmọ wà lẹ́yìn mi, ni mo ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá mi bí ó ti ń gé aṣọ láìfi ṣọ́ọ̀kì fà á. Nígbà tí mo jókòó ṣe ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo ṣe.

Bàbá Ìdẹ̀nà
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn kàn ń bọ́ sí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́? Àwọn ìyá wa ni a ń fi í tù lójú. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, kò sì tìtorí pé kí a máa gbé orí rẹ̀ tà fún àlejò ní Kútọnù.

Agbẹ́gilére Kétu
Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Orí tí mo gbẹ́ fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni ó wá bẹ̀ mí, n kì í sì fi han àlejò. Èyí tí mo ń tà kò dé agbo rí. Orí tí kò bá jó, igi ni lójú mi.

Ará Ìlárá
Kí ni kí á wá sọ nípa ti Romuald Hazoumè? Oníṣẹ́ ọnà ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ọdún 1962 ni wọ́n bí i. Bídọ́ọ̀nù ni ó ń sọ di ìbòjú: ẹnu bídọ́ọ̀nù di ẹnu ènìyàn, ibi tí a fi ń gbé e di imú. Ní ọdún 2007, British Museum ra iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó fi bídọ́ọ̀nù 304 tò bí àwọn ẹrú nínú ọkọ̀ ojú omi.

Bàbá Ìdẹ̀nà
Iṣẹ́ ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́.

Agbẹ́gilére Kétu
Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ńṣe ni mo jókòó. Ọdún méje ni mo fi di bídọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, n kò rí ojú ènìyàn kankan lára wọn rí.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀. Fọ́tò ni èmi ń yà. N kò tíì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, nítorí nígbà òjò kò sí ìgbéyàwó, kámẹ́rà mi kì í sì jáde. Owó oṣù ni ó ń bọ́ ilé ní àsìkò yẹn. Akọ̀wé, má tíì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Aláró Odò
Èmi ni aláró. Ewé èlú ni a ń gún, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sá a gbẹ, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó ṣe é rẹ aṣọ. Ó ń rùn. Ẹni tí kò bá fara da òórùn rẹ̀ kò ní dúró dé ibi tí a ti ń fi ìyẹ́ ya ọnà. Wá lo ọjọ́ Sátidé kan lọ́dọ̀ mi, má san owó kankan.

Ìyá Aránṣọ, Wàndó
Akọ̀wé, bá mi dé ìsọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Mo ń gba 15,000 sẹ́fà lórí aṣọ kan, n kò sì mọ iye tí ó kù sí mi lọ́wọ́. Bí o bá lè bá mi ṣírò rẹ̀, n ó rán aṣọ àkọ́kọ́ tí o bá rẹ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́
Mo ti lọ sọ́dọ̀ Aláró ní ọjọ́ Sátidé, mo sì gba Wàndó kọjá nígbà tí mo ń bọ̀. Ìyá wa, bí a bá ka òwú, bọ́tìnnì, èédú áyọ́ọ̀nù àti owó iná mọ́ ọn, 1,800 péré ni ó ń kù sí yín lọ́wọ́ lórí aṣọ yẹn, ẹ fi owó kún un. Òórùn aró kò lé mi. N ó máa lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí di ìparí ọdún, n kò sì tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi bi mí ohun tí ó sọ èékánná mi di aró, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ìyá mi ni n kò tíì fi ọwọ́ mi hàn.