Ìmọ̀ràn: wọ́n fẹ́ gé àpò oúnjẹ mi kù

Àbẹ̀kẹ́_Peckham: Ẹ kú ilé o. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń gé àpò oúnjẹ kù kí èèyàn lè fọn, fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Kílò 138 ni mí, ìtọ̀ ṣúgà sì ti mú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, ọdún kẹta ló sanra padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí lẹ ṣe tí tiyín fi dúró?

ÌyáÌbejì: Kú ìmúra, Àbẹ̀kẹ́. 2019 ni mo ṣe tèmi. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ òkèlè. Àwa kì í rún òkèlè lẹ́nu, ṣe là ń gbé e mì. Àpò tí wọ́n ti gé tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ dànù ò gba ìyẹn. Mo dán iyán wò lóṣù kẹta, ó há mi láyà, mo bì títí omijé fi bọ́. Búrẹ́dì ni onímọ̀ oúnjẹ wa ní kí n ṣọ́ra fún. Ibo ló ti fẹ́ mọ iyán? Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ ń jẹ báyìí, ẹ̀fọ́ á tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, àyè ò ní kù mọ́. Má sì fi omi ti oúnjẹ o, dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Dèjì_Leeds: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bà náà ńkọ́? Ayé mi!

ÌyáÌbejì: Ẹ̀bà tó ń wú? Jẹ́ kó lọ, àbúrò.

Nọ́ọ̀sìṢadé: Àbẹ̀kẹ́, má jẹ àjẹdágbére. Oúnjẹ tí wọ́n máa ń dín kù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá kún máa ń bo àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ á le fún dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, títí ayé ni wàá máa lo fítámì, B12, ayọ́ọ̀nù (iron) àti kálísíọ́mù (calcium), kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lọ́dọọdún. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ilé ìwòsàn fi ń tẹ̀ lé èèyàn. Àwọn tó sá kí ó tó pé ni mo máa ń rí tí wọ́n ń ṣubú lulẹ̀ nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Oògùn ṣúgà rẹ lè pọ̀ jù fún ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, má fọwọ́ ara rẹ dín in. Irun á já díẹ̀, má bẹ̀rù.

Bàbáọlọ́tí: Ọtí máa ń tètè gun orí lẹ́yìn rẹ̀ o. Ife kan péré ní òde, ìyàwó mi ló gbé mi délé.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham: Ha! Mo ti ń ṣètò oúnjẹ ìdágbére fún Sátidé, mo ti pa á tì. Ẹ̀gbọ́n ÌyáÌbejì, ẹ̀wà yẹn, ṣé ẹ máa ń bó èèpo rẹ̀?

ÌyáÌbejì: Mọ́ínmọ́ín ni mo ń fi ṣe. Epo ṣíbí kan, ẹja púpọ̀.