Apithy: ẹ̀ẹ̀melòó ló jẹ ààrẹ?

Ará Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwọn kan ní Sourou-Migan Apithy jẹ ààrẹ Dahomey (Benin òde òní) lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mìíràn ní ẹ̀ẹ̀kan. Èwo ló tọ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀ẹ̀kan ni, láti 1964 dé 1965. Ṣáájú ìyẹn, ó ti ṣe aṣòfin ní Paris láti 1945 títí di 1958, ó ṣe mẹ́ẹ̀rì Àjàṣẹ́, ó sì ṣe igbákejì Hubert Maga, ààrẹ àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ ààrẹ 1970 ló ń da àwọn èèyàn rú. Maga, olóṣèlú Justin Ahomadégbé àti òun ló wà níbẹ̀, ọdún méjì-méjì ni kí kálukú lò. Maga lo tirẹ̀ tán, Ahomadégbé bọ́ síbẹ̀ lóṣù karùn-ún 1972, àfi bí ọmọ ogun kan, Kérékou, ṣe gbàjọba lóṣù kẹwàá. 1974 ni ì bá kan Apithy.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má fo ìbò 1959 o! PRD, ẹgbẹ́ òṣèlú Apithy, kó àga 37 nínú 70 nílé aṣòfin. UDD, ẹgbẹ́ Ahomadégbé, tí ìbò tiwọn pọ̀ jù, rí 11 péré. Ìlú gbóná, wọ́n yọ 9 lára ti PRD fún UDD, Maga ló sì wá di olórí ìjọba.

Ará Kétu: Ẹ ṣé gan-an. Kí ló wá lé e kúrò ní 1965?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ọkọ̀ kan, awakọ̀ méjì. Òun ni ààrẹ, Ahomadégbé ni igbákejì àti olórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ olórí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ló tú wọn ká. Ọ̀gágun Soglo ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé.