Ajẹ́lẹ̀ tó dákẹ́ kò tíì kú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ni ká máa pe sọ́fíwíà kékeré tí a ń gbé sórí sáfà (server, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn), tí yóò máa ròyìn ìlera ẹ̀rọ náà fún ibùdó àmójútó, tí yóò sì máa gba àṣẹ láti ibẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní agent? Àbá mẹ́ta ni mo ti kà: aṣojú, ọmọ-ọ̀dọ̀, alágbàṣe. Ẹ̀gbọ́n tó dá aṣojú lábàá ní ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ará ilé ló yẹ ká lò, pé ká yé fi orúkọ tuntun dá ara wa lágara. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìjà tèmi ni pé aṣojú ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbòmíràn.

Ẹ wo gbólóhùn kan tí èmi fúnra mi tú nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà: "Bí aṣojú kò bá lè dé ibùdó, yẹ aṣojú wò bóyá ó ń jẹ́ kí aṣojú kọjá." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Aṣojú àkọ́kọ́ ni sọ́fíwíà orí sáfà. Ìkejì ni proxy, ẹ̀rọ tó dúró láàárín, tó ń bá ẹlòmíràn béèrè nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkẹta, a tún ti padà sórí sọ́fíwíà. Èmi tí mo kọ ọ́ mọ èyí tí mò ń bá wí; ẹni tó ń kà á ní aago méjì òru, tí pátákó àmójútó ti pọ́n fòò níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Proxy gan-an ló sì tọ́ sí orúkọ yẹn, nítorí ó ń dúró ní ojú ẹlòmíràn, ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn. Sọ́fíwíà tiwa kò dúró fún ẹnikẹ́ni níta. Wọ́n rán an wá máa gbé ilé onílé ni.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ kò bá a mu, torí onílé ni ọmọ-ọ̀dọ̀ ń sìn, bẹ́ẹ̀ sáfà kọ́ ni ọ̀gá sọ́fíwíà yìí. Alágbàṣe náà, yóò ṣe tán, yóò gbowó, yóò sì máa lọ. Èyí kì í lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń ṣàkóso àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, tí Ìbàdàn náà sì wá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí olú-ìlú rán lọ gbé nínú ìlú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọba ibẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀. Ojú olú-ìlú ni. Ó ń wo ohun tó ń lọ, ó ń ròyìn, ó ń rí sí i pé ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ lásìkò, àṣẹ tó bá sì ti olú-ìlú wá, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ìlú tó gbà á lálejò ló tún ń bọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí sọ́fíwíà àmójútó tó jẹ ìdajì mẹ́mórì sáfà tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi yan orúkọ yìí.

Mo mọ̀ pé àbúrò kan máa sọ pé ajẹ́lẹ̀ kò dùn létí, pé ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tó mú kí Èkìtì Parapọ̀ dìde, tí ogun Kírìjí fi jà láti 1877 di 1893. Òótọ́ pọ́nńbélé. Àmọ́ ìkorò yẹn wúlò fún wa. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fíwíà wọ̀nyí ló ń fi agbára root ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé kò sí yàrá tí wọn kò lè wọ̀, kò sí fáìlì tí wọn kò lè ṣí. Ẹni burúkú tó bá gba ibùdó ti gba gbogbo ìlú tí ibùdó ní ajẹ́lẹ̀ sí. Orúkọ tó bá ń rán olùtọ́jú ẹ̀rọ létí pé àlejò alágbára lòun gbà sílé, èmi ò ní torí pé ó korò kí n sọ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ náà tún mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láìjẹ́ pé a wá a. Àwọn ètò àmójútó kan wà tí kì í gbé ohunkóhun kalẹ̀ sórí sáfà. Ansible jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: yóò gba SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè) wọlé, yóò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, yóò sì jáde. Ẹnìkan ti ń tiraka láti tú agentless sí "aláìláṣojú", ó ń kọ́ ahọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣé Aláàfin kò ní ìlàrí ni? Ìlàrí ń lọ, ó ń jẹ́ iṣẹ́, ó ń bọ̀ wálé. Àmójútó alájẹ́lẹ̀, àmójútó onílàrí: ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti lóye ìyàtọ̀ wọn kí a tó ṣàlàyé.

Nígbà tí ìlànà SNMP, èyí tí a fi ń ṣàmójútó ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ̀kì, jáde ní 1988, bí wọ́n ṣe tò ó náà nìyẹn: olùdarí kan ní ibùdó, ajẹ́lẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Olùdarí a béèrè ọ̀rọ̀ ní pọ́ọ̀tù (ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì) 161, ajẹ́lẹ̀ a fèsì. Bí nǹkan tí kò ṣeé fi dúró de ìbéèrè bá ṣẹlẹ̀, ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ a ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀tù 162 ti olùdarí. Ìkìlọ̀ àìbéèrè yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trap, mo sì rí i tí ẹnìkan tú u sí pàkúté. Pàkúté wo? Ta ló mú? Àrokò ni. Ohun tó máa ń dé ibùdó ni nọ́ńbà gígùn bíi 1.3.6.1.6.3.1.1.5.3. Ẹni tí kò kọ́ ọ yóò kàn máa wò ó bọ̀ọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ojú nẹ́tíwọ̀kì kan ti kú lórí ẹ̀rọ náà. Owó ẹyọ àti ìyẹ́ kò kúkú lẹ́nu, ẹni tó mọ ìtumọ̀ wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àrokò yìí sì lè sọnù lọ́nà, nítorí UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kì í dúró gba èsì, ló ń gbà lọ, olùdarí kì í dáhùn pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Àìrí àrokò kò wá túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni ìlú wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ tèmi gan-an nìyẹn. Gbogbo wa ń jà lórí ọ̀rọ̀-orúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dá wa lóró lẹ́nu iṣẹ́.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láàárọ̀ pé: "Ajẹ́lẹ̀ orí sáfà keje ti dákẹ́." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ní àgbàlagbà kan ti dákẹ́, ìsìnkú ló kù. Ó ka ajẹ́lẹ̀ sí òkú, ó yọ ọ́ kúrò tìdí-tìdí, ó gbé tuntun kalẹ̀. Tuntun náà ò sọ nǹkan kan. Ó tún un gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n pè mí, ó ti fẹ́ máa pa gbogbo ohun tó wà lórí sáfà rẹ́.

Mo bi systemctl, àṣẹ tó ń sọ ipò tí ètò wà, ó ní ajẹ́lẹ̀ wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú journalctl, ìlà kan náà ló wà níbẹ̀ léraléra: ìwé-ẹ̀rí ibùdó (certificate, èyí tó fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni) kò tíì tó àkókò tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tíì tó kẹ̀? Ìwé-ẹ̀rí tí a ti ń lò láti oṣù mélòó kan! Mo tẹ date. Sáfà ní ọdún méjì sẹ́yìn la wà. Iná ti lọ lóru, bátìrì kékeré tó ń bá ẹ̀rọ rántí aago ti kú, ààbò nẹ́tíwọ̀kì kò sì jẹ́ kó bi NTP, ètò tí ẹ̀rọ fi ń béèrè aago lórí nẹ́tíwọ̀kì, ní aago tó péye nígbà tó tún dìde. Lójú ajẹ́lẹ̀, ọjọ́ iwájú ni wọ́n ti mú ìwé-ẹ̀rí yẹn wá, ó sì kọ̀ láti bá ibùdó sọ̀rọ̀. Ọlọ́gbọ́n ni. Mo tún aago ṣe, ìròyìn ń wọlé wọ̀ọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé ká yọ dákẹ́ kúrò nínú èdè iṣẹ́ yìí. Òkú àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ló ń pín in lò. Kú ni ká máa sọ nígbà tí a bá wá a láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí a kò rí i rárá; ẹni tó bá gbọ́ kú yóò wá ohun tó pa á, bóyá mẹ́mórì tán tí kernel, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, sì fi ṣe ẹbọ, bóyá díìsìkì kún dé ẹnu. Dákú ni ti èyí tó wà níbẹ̀ tí kò gbọ́, tí kò fọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan kan ló ń dúró dè, bíi díìsìkì orí nẹ́tíwọ̀kì tí kò dáhùn, irú rẹ̀ sì wà tí kill -9, àṣẹ tí a fi ń fipá pa ètò, kò ní ràn títí ohun tó ń dúró dè yóò fi dé. Yadi ni ti tiwa yìí: ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Ẹni tó bá gbọ́ yadi kò ní fọwọ́ kan ajẹ́lẹ̀ rárá. Aago ni yóò yẹ̀ wò, ìwé-ẹ̀rí, orúkọ tó ń wá ní DNS (ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì nẹ́tíwọ̀kì), pọ́ọ̀tù tí ẹnìkan tì.

Ìdí yìí náà ni mo fi fẹ́ ìmí ju "ìlù-ọkàn" (heartbeat) lọ fún àmì tí ajẹ́lẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. "Ó ṣì ń mí" la máa ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Kí n má gbàgbé àwọn tó tú daemon, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, sí ẹ̀mí èṣù. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní MIT ní 1963 ní iwin inú àròjinlẹ̀ Maxwell, onímọ̀ físíìsì, lọ́kàn, èyí tí kì í sinmi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó.

Zombie ńkọ́? Ẹnìkan ní àkúdàáyà. Rárá o. Àkúdàáyà ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣòwò ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Zombie orí Linux kò jẹ mẹ́mórì, kò lo CPU. Ó ti parí iṣẹ́, òbí rẹ̀ (ètò tó bí i) ni kò tíì wá gba àbọ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé síbẹ̀. Kò ṣeé pa, torí ó ti kú. Òbí ni kéèyàn bá wí. Bí òbí bá sì kú, ètò àkọ́kọ́, nọ́ńbà 1, ni yóò sin ín. Òkú àìsin ni mò ń pe tèmi. Àkúdàáyà náà ní ibi tó bá a mu: lọ́jọ́ tí a tún aago sáfà keje ṣe, orúkọ méjì ló wà lórí pátákó, ọ̀kan pupa, tí a kọ kú sí lára, èkejì, ti ajẹ́lẹ̀ tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀, ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun, ó sì ń mí dáadáa. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ó kú síbí, ó ń gbé lọ́hùn-ún.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni òdìkejì rẹ̀: a da sáfà kan kọ, a gbàgbé láti pa ìdánimọ̀ ajẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rọ méjì wá ń fi orúkọ kan ṣoṣo ròyìn, àdírẹ́sì ibẹ̀ ń yí síwá sẹ́yìn lójú wa. Mo dán ìbejì wò, kò lọ. Ìbejì ní Táíwò, ó ní Kẹ́hìndé. Àwọn wọ̀nyí, orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jà lé lórí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó mú un wá, kó sì bá mi mú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ lọ́wọ́.