"Àìlágbára iṣan" kọ́ o, ìgbèra iṣan ló dàrú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé lórí ẹ̀yìn dídùn bárakú ní "àìlágbára iṣan ẹ̀yìn" làwọn fẹ́ pe ohun tó ń ṣe iṣan àwọn tó ní in. Ẹ má bínú sà, èmi ò gbà.

Ọ̀rọ̀ "bárakú" ò níjà nínú, ìrora tó bá ti lé lóṣù 3 làwọn dókítà ń pè bẹ́ẹ̀. Iṣan gan-an ló ní wàhálà tiẹ̀, torí mo bi ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, pé kí ni iṣan, èyí tó yọ lẹ́yìn ọwọ́ wọn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni wọ́n nà sí mi. Ká ṣáà fi "ẹran" kún un, iṣan ẹran.

Ọ̀rọ̀ agbára ni mi ò gbà. Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí méjì, Hodges àti Richardson, ní Ọsirélíà ní káwọn èèyàn yára gbé apá sókè. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ dá ṣáṣá, iṣan inú lọ́hùn-ún tó wé mọ́ ikùn bí ọ̀já ti fún kí ti èjìká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dà láàmú ṣe ló pẹ́ dé. Ó dé o, ó kàn pẹ́ ni. Ẹ tún wo ìyá yẹn bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò aró, téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn iṣan gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀yìn dídùn bárakú wọn ò dákẹ́, wọ́n ń fún lọ ni. Èyí tí ò sinmi la wá fẹ́ pè ní aláìlágbára?

Ẹnì kan ní ká pè é ní "àìṣọ̀kan iṣan". Ìyẹn tiẹ̀ burú jù! Téèyàn bá ń yára rìn, ó yẹ kí àyà yí sí ọ̀tún kí ìbàdí yí sí òsì, ti àwọn tó ní ẹ̀yìn dídùn bárakú ló sábà ń yí pọ̀ gbagidi bí pákó, ìṣọ̀kan ọ̀hún gan-an ló pọ̀ jù.

Ohun tí mo rò ni lílé àti ègbè inú orin. Ẹni tó ń gbè mọ ìgbà tó yẹ kóun wọlé, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun panu mọ́, gbè náà la sì fi ń sọ pé ẹnì kan gbè wá lẹ́yìn (ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ̀yìn ti wà níbẹ̀ ná). Torí náà, ìgbèra iṣan, gbè + ara. "Ìgbèra iṣan ẹ̀yìn tó dàrú." Àbúrò mi fi mí rẹ́rìn-ín pé ó jọ ìgbéraga, mo ní kó lọ fi àmì ohùn sí i.

Ó wá ku orúkọ fún ara láti ọrùn dé ìdí. "Àgọ́ ara" ni mo kọ́kọ́ kọ, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyẹn tipẹ́. Ta ló ní òmíì?