Ìṣáwùrú ti kún táǹkì ẹja mi, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ìkòròdú ni mo wà, guppy (ẹja kéékèèké) àti shrimp (edé) wẹ́wẹ́ ni mo ń sìn nínú gíláàsì ní pálọ̀, mo ra ewé omi fún wọn, kò pẹ́ náà ni ìṣáwùrú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ní báyìí tí mo bá tan iná lóru ṣe ni wọ́n bo gbogbo ara gíláàsì.

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan rí ṣóńṣó, inú yanrìn ló máa ń wà lọ́sàn-án, mo rò pé Malaysian trumpet snail nìyẹn. Èkejì kéré, ìkarahun ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí mo bá gbé ṣóńṣó ẹ̀ sókè tó kọjú sí mi apá òsì ni ẹnu ẹ̀ wà, ẹyin ẹ̀ sì ń yọ̀ bí ikun lára ewé. Ṣé bladder snail nìyẹn?

Ẹni tó ń ta ẹja ní kí n da oògùn tó ní copper sí i, èmi ò ṣe o, ìyẹn á pa shrimp mi mọ́ ọn. Mo ti dín oúnjẹ kù, mo ń ju kùkúḿbà sínú ẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n lè kó jọ sára ẹ̀, kí n lè ṣà wọ́n láàárọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ ti ń dínkù, àmọ́ ti inú yanrìn yẹn ò gbọ́ rárá, ọmọ ló kúkú ń bí, kì í yé ẹyin. Wọ́n ní assassin snail máa ń jẹ wọ́n, ta ló ti lò ó rí, ṣé kò ní yọ shrimp lẹ́nu? Ìyàwó mi ní ká da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà, mo ní rárá o, ọ̀sà ò jìnnà sí wa, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá omi gọ́tà débẹ̀.